Ẹ Fetí sí Mímí Adìyẹ Yín Lóru: Ìkìlọ̀ fún Àwọn Ọlọ́sìn Fìdítì, Ìlọrà àti Agbègbè Wọn

Bí ọyẹ́ bá ti ń wọlé, tí eruku ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé orí páànù, ikọ́ a máa wọ ilé adìyẹ ní Fìdítì, ní Ìlọrà, ní Awẹ́ àti Akínmọ̀ọ́rìn. Kì í fi ariwo wọlé. Adìyẹ kan a sín, òmíràn a máa gbọn orí, ojú tòlótòló kan a wú díẹ̀ lápá kan. Ọlọ́sìn a ní òtútù ni, a ní kí ọmọ lọ ra oògùn wá. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ dá yín dúró. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi owó àjọ dá ọgọ́rùn-ún adìyẹ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da oògùn sínú omi wọn kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Oògùn tó bá ṣáájú àyẹ̀wò a máa pa ẹ̀rí tí dókítà ẹran ì bá fi mọ àrùn, kì í sì í sábà pa àrùn náà tán.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le ni pé ikọ́ kan náà ni etí ń gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń fà á pọ̀. Bakitéríà ń fà á, oríṣiríṣi. Fáírọ́ọ̀sì ń fà á. Èbu inú pàǹtí tí a tẹ́ sílẹ̀ fún wọn tàbí oúnjẹ tó rin ń fà á. Aràn kékeré kan wà tó máa ń há sí ọ̀nà ọ̀fun adìyẹ tó ń jẹ̀ kiri, òun náà ń fà á. Òórùn ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tó pọ̀ jù nínú ilé tí kò sí afẹ́fẹ́ ń fà á. Oògùn apakòkòrò tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, bakitéríà nìkan ló lè bá jà nínú gbogbo wọn, kì í sì í ṣe gbogbo bakitéríà ni oògùn kan ń ràn. Ẹni tó bá wá ra oògùn nítorí pé ó gbọ́ ikọ́, owó ló ń jù sínú òkùnkùn.

Bí ẹ bá fẹ́ tètè mọ̀, òru ni kí ẹ lọ. Lọ́sàn-án, adìyẹ ń ké, ó ń ha ilẹ̀, ó ń ṣá oúnjẹ jẹ, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún, ọkọ̀ ń kọjá lójú títì. Mímí tó ti ń há kò lè fara hàn nínú gbogbo ariwo yẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti pa iná, tí nǹkan bíi wákàtí kan tàbí méjì ti kọjá, ẹ wọlé jẹ́jẹ́. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ pa rédíò, ẹ pa fóònù. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún kí ara wọn tó balẹ̀, kí ẹ wá máa rìn díẹ̀díẹ̀ láti ìkángun kan dé ìkejì. Ilé tí ara wọn dá nínú rẹ̀ máa ń dákẹ́ rọ́rọ́, àfi ìyẹ́ tí ọ̀kan bá gbọ̀n. Ilé tí àrùn ti wọ̀ kì í dákẹ́. Ẹ óò gbọ́ sísín, kúkúrú, léraléra. Ẹ óò gbọ́ ohun kan tó ń hó nínú ọ̀fun, tó ń dún nígbà tí adìyẹ bá fa èémí wọlé. Ẹ óò gbọ́ èémí tó ń fọn fíín. Bí ó bá ti pẹ́, ẹ óò gbọ́ ikọ́ gidi, tí adìyẹ náà ní láti na ọrùn kó tó lè wú u.

Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá fura kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa lọ nígbà tí ara wọn dá, kí etí yín lè mọ bí ilé yín ṣe ń dákẹ́. Kí ìwé kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà: ẹ ka iye ìgbà tí ẹ gbọ́ sísín láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Bí ó bá jẹ́ méjì lónìí, tó di mẹ́jọ lọ́la, tó di ogún lọ́túnla, ohun kan ń rìn nínú agbo yín, ẹ sì ti mọ bó ṣe ń yára tó. Kò sí ìbéèrè tí dókítà máa bi yín tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, báwo ló sì ṣe ń tàn? Ọ̀pọ̀ wa kì í rí èsì fún un ju "ó ti ṣe díẹ̀" lọ.

Inú ìwé yẹn náà ni kí omi àti oúnjẹ wà. Adìyẹ tí ara rẹ̀ kò yá máa ń dín omi àti oúnjẹ kù kí ojú rẹ̀ tó wú, kí ó tó máa dá dúró ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé korobá mẹ́fà ni ilé òun ń mu lójoojúmọ́ yóò fura lọ́jọ́ tí ó bá di mẹ́rin àbọ̀. Ẹni tó kàn ń bu omi sí i kò ní mọ nǹkan kan. Fún àwọn tó ń sin adìyẹ onẹ́yin, iye kíréètì ẹyin ojoojúmọ́ ń sọ̀rọ̀ bákan náà. Àwọn àrùn kan wà tí ẹyin wọn kì í já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, tí ọlọ́sìn á máa dá oúnjẹ lẹ́bi fún odidi oṣù kan.

Kí ẹ tó jáde, ẹ bẹ̀rẹ̀ títí orí yín á fi dé ibi tí orí adìyẹ dé, ẹ sì mí. Afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí lóòró kọ́ ni àwọn ń mí sínú. Bí ojú yín bá ta yín, bí imú yín bá gbóná, gáàsì inú ìgbẹ́ tó rin, èyí tí wọ́n ń pè ní amóníà, ti pọ̀ ju ohun tí ara wọn lè gbà. Àwọn irun tín-ín-tìn-tín wà nínú ọ̀nà ọ̀fun adìyẹ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gbá eruku àti kòkòrò padà síta. Amóníà ń ba àwọn irun wọ̀nyẹn jẹ́. Tí wọ́n bá ti bàjẹ́, kòkòrò inú ìgbẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbé dìde kò rí ẹni dá a dúró mọ́, ó di inú ẹ̀dọ̀fóró. Lásìkò òjò, pàǹtí máa ń rin. Lásìkò ọyẹ́, a máa ń fi tàpólì dí gbogbo ojú wáyà nítorí òtútù òru, a sì máa ń gbàgbé láti ká a sókè láàárọ̀. Mo gbàgbọ́ pé ìdajì ikọ́ tí a ń fi oògùn wò ní agbègbè yìí, ilé la ì bá kọ́kọ́ wò. Ẹ kó pàǹtí tó rin síta, ẹ da lẹ́búlẹ́bú pákó tó gbẹ sí i, ẹ ká tàpólì wálẹ̀ láti òkè kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè jáde, kí atẹ́gùn má sì fẹ́ bá wọn nílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lára àwọn tí ẹ fura sí. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ tàbí ọ̀rá sọ́wọ́, ẹ bo imú. Ẹ wo ojú: ṣé ó ń yọ fóòmù níkángun, ṣé ìpéǹpéjú ti lẹ̀ mọ́ra? Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ ojú díẹ̀. Ihò kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kó ní nǹkan kan nínú. Bí ó bá rọ̀ múlọ́múlọ́, omi ló wà níbẹ̀. Bí ó bá le, ọyún ti dì sínú rẹ̀. Ẹ rọra tẹ ihò imú, kí ẹ wo ohun tó jáde. Omi tó mọ́ gaara yàtọ̀ sí ikun tó ki, tó ní àwọ̀ ìyeyè. Kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀, ẹ má kórìíra rẹ̀, nítorí òórùn yẹn máa ń dárúkọ àrùn fúnni nígbà mìíràn.

Àrùn tí òórùn rẹ̀ ń dárúkọ rẹ̀ ni coryza. Kòkòrò rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Avibacterium paragallinarum. Ó yára: láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta tí adìyẹ tó dá bá fara kan èyí tó ní in, imú rẹ̀ á ti máa dà. Ojú á wú, lápá kan tàbí méjèèjì, ẹran tó ń fì lábẹ́ àgbọ̀n àkùkọ náà á wú, ikun imú á sì máa rùn dé ibi pé ẹ óò mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Adìyẹ ni ó sábà ń mú. Kì í ṣe àrùn tòlótòló. Nítorí náà, bí ẹ bá rí tòlótòló tí abẹ́ ojú rẹ̀ wú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oògùn coryza ránṣẹ́ sí yín.

Ti tòlótòló yẹn, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ fura sí ni Mycoplasma gallisepticum, èyí tí àwọn ọlọ́sìn ń pe ti adìyẹ rẹ̀ ní CRD. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù lọ nínú gbogbo wọn. Kì í yára, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ló fi ń rìn. Adìyẹ lè gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ó kàn máa sín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó máa jẹun, kí ó máa yé ẹyin, kí ojú rẹ̀ mọ́. Ìyá lè fún ọmọ láti inú ẹyin, tó fi jẹ́ pé òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan tí ẹ rà lánàá lè ti ní in kí ó tó wọ páálí. Ṣùgbọ́n tí ó bá dé ara tòlótòló, ó ń yọ eyín. Abẹ́ ojú á wú títí ojú méjèèjì á fi pa dé. Ẹran náà ṣì fẹ́ jẹun, kò kàn rí oúnjẹ ni. Ebi lè pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo tó kún. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín pé kí ẹ má sin adìyẹ àti tòlótòló sínú ilé kan náà. Mo mọ̀ pé àyè kò tó ní ẹ̀yìnkùlé, mo sì mọ̀ pé bàbá wa àgbà sin wọ́n pọ̀. Ẹ wá àyè tí wọ́n lè jìnnà síra. Bí ẹ bá fẹ́ bọ́ wọn lójúmọ́ kan náà, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú tòlótòló, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ adìyẹ, kí bàtà tí ẹ wọ̀ lọ́dọ̀ adìyẹ má sì padà sọ́dọ̀ tòlótòló.

Àwọn ọmọ tòlótòló tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà ní àrùn ti wọn, kòkòrò rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Bordetella avium. Ẹ óò rí fóòmù lójú wọn, wọ́n á máa lanu mí, ohùn wọn á sì yí padà. Ẹni tó ń gbọ́ igbe àwọn ọmọ tòlótòló lójoojúmọ́ á mọ̀ lọ́jọ́ tí ohùn wọn bá há. Òmíràn tún wà tó ń mú tòlótòló ju adìyẹ lọ, Pasteurella multocida ni, òun ni wọ́n ń pè ní kọ́lẹ́rà adìyẹ. Òun kì í fún yín láyè fetí sílẹ̀: ẹran ńlá tó jẹun lálẹ́ á kú láàárọ̀, orí rẹ̀ á di dúdú, itọ́ á máa yọ lẹ́nu rẹ̀. Eku àti ológbò lè gbé kòkòrò yìí wọlé. Kì í ṣe àrùn tuntun. Ara rẹ̀ ni Louis Pasteur, onímọ̀ ilẹ̀ Faransé, ti rí i ní nǹkan bí 1880 pé a lè sọ kòkòrò di aláìlágbára kí a sì fi ṣe àjẹsára, ìmọ̀ tí a ń jẹ èrè rẹ̀ lára ọmọ wa títí dòní.

Ẹni ìkẹyìn ni E. coli, tó wà nínú ìgbẹ́ gbogbo adìyẹ láìṣe nǹkan kan. Ó ń dúró de ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn fún un. Amóníà lè ṣílẹ̀kùn, Mycoplasma lè ṣílẹ̀kùn, àjẹsára tí a fún ní ọ̀fun lọ́jọ́ tí ara wọn kò le lè ṣílẹ̀kùn. Òun ni ó sábà ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Èyí ni ìdí tí oògùn fi ń dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, tí ikọ́ á tún padà dé: ẹ pa ẹni ìkẹyìn, ẹni àkọ́kọ́ sì wà nílé.

Bí ọ̀kan bá kú, tí ẹ sì rí dókítà ẹran tó lè là á níwájú yín, ẹ dúró wò ó. Inú adìyẹ ní àwọn àpò afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Lára èyí tó dá, wọ́n mọ́ gaara, wọ́n tín-ín-rín bí ọ̀rá tí wọ́n fi ń di gúgúrú. Lára èyí tí bakitéríà ti pa, wọ́n ti ki, wọ́n ti di funfun tàbí ìyeyè, ọyún dídì wà nínú wọn. Tí E. coli bá ti bá a jà pẹ́, awọ funfun kan á bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni ẹ rí nínú ọ̀nà ọ̀fun, tàbí pé àmì ẹ̀jẹ̀ wà káàkiri inú ikùn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà má jẹ́ ti bakitéríà rárá.

Níbí ni mo ti ní láti fi ohùn líle sọ̀rọ̀. Àwọn àmì kan wà tí ẹni tó bá rí wọn kò gbọ́dọ̀ la adìyẹ, kò gbọ́dọ̀ tà á, kò gbọ́dọ̀ pa á jẹ. Bí ọ̀pọ̀ bá kú láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, bí orí bá wú tí ògbe sì di àwọ̀ aró, bí àmì ẹ̀jẹ̀ bá yọ lára ẹsẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má wọlé, kí nǹkan kan má jáde, ẹ sì ké sí dókítà ẹran ìjọba ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Afijio. Ó lè jẹ́ fùlú adìyẹ. Ní oṣù kejì 2006 ni irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní H5N1 kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Áfíríkà, Kàdúná ló sì gbà wọlé. Ní oṣù kìíní 2007, obìnrin kan ní ìlú Èkó ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà pé ó kú nípasẹ̀ rẹ̀. Ní 2015 ó tún padà, ní Kánò àti Èkó, ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Àìsàn Newcastle, tí àwọn kan ń pè ní lùkúlùkú, lè fara jọ ọ́: ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ọrùn yíyí, apá àti ẹsẹ̀ rírọ. Oògùn apakòkòrò kò ní agbára lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àjẹsára tí a fún wọn lásìkò ni ààbò lọ́wọ́ Newcastle, ó sì yẹ kí ọjọ́ tí ẹ fún wọn wà nínú ìwé kékeré ẹnu ọ̀nà yẹn.

Tí ọ̀rọ̀ kò bá jọ ti fùlú, tí ẹ sì fura sí bakitéríà, ọ̀nà wà láti mọ̀ dájú, kò sì jìnnà sí wa. Ìbàdàn ni. Ilé ìwòsàn ẹran tí Yunifásítì Ìbàdàn fi ń kọ́ àwọn dókítà ẹran wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹran ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Mọ́kọ́lá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni ní ìlera ẹran àti ọ̀sìn wà ní Moor Plantation. Àwọn àyẹ̀wò tó bá le jù fún wọn lè dé ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹran tó wà ní Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau, èyí tó ti wà láti 1924. Ọ̀nà tí ẹ máa gbà gbé ẹran lọ ló ń pinnu bóyá èsì á wúlò. Adìyẹ mẹ́ta sí márùn-ún tí àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, tó wà láàyè, tí kò tíì mu oògùn kankan, ló dára jù. Ẹ má kó èyí tó ti ń kú lọ, tí kòkòrò mìíràn ti gba ara rẹ̀. Bí ó bá ti kú, kí ó jẹ́ òkú wákàtí díẹ̀, ẹ fi ọ̀rá méjì dì í, ẹ gbé yìnyín tì í nínú kúlà. Ẹ má gbé e sínú fírísà. Ẹ sì gbé ìwé yẹn dání, nítorí dókítà ní láti mọ ọjọ́ tí ẹ fún wọn ní àjẹsára.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó fún àwọn aláyẹ̀wò láti fi mọ̀ bóyá Mycoplasma wà nínú agbo. Wọ́n á kán omi ara ẹ̀jẹ̀ náà àti omi aláwọ̀ kan papọ̀ sórí àwo. Bí ó bá ṣù láàárín ìṣẹ́jú méjì, àmì wà. Àyẹ̀wò yìí yá, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó ti ń ṣini lọ́nà. Bí àrùn náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ lè má tíì fi hàn. Bí ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn ní àjẹsára olómi-òróró lára, ó lè ṣù láìjẹ́ pé àrùn wà. Nítorí náà, ẹ má gba èsì ẹ̀jẹ̀ adìyẹ kan gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ gbogbo agbo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ti ọ̀pọ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Gbígbin kòkòrò láti ara ikun imú tàbí àpò afẹ́fẹ́ ni ó ń fini lọ́kàn balẹ̀ jù. Ti E. coli àti Pasteurella lè jáde láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ti Mycoplasma lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè, kí ẹ má tijú, ni pé kí wọ́n dán oríṣiríṣi oògùn wò lára kòkòrò náà, kí wọ́n kọ èyí tó pa á àti èyí tí kò pa á fún yín. Bébà kékeré yẹn ló sọ irú oògùn tó yẹ kí ẹ rà.

Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn àti owó àyẹ̀wò kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún adìyẹ. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé kí àwọn ọlọ́sìn àdúgbò máa ṣe é pọ̀. Ìlọrà mọ ohun tí iṣẹ́ oko ìjùmọ̀ṣe ń jẹ́. Ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ dá fáàmù sẹ́tìlímẹ́ǹtì sí, lábẹ́ ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Bí ilé mẹ́ta ládùúgbò kan bá ń wúkọ́ lọ́sẹ̀ kan náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ kòkòrò kan náà. Kí wọ́n dá owó jọ, kí ẹnì kan gbé ẹran lọ, kí gbogbo wọn jọ lo èsì. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́sìn adìyẹ ní Nàìjíríà ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí oògùn bá wá tó lílò, ẹ jẹ́ kí ó tó. Pẹnisílínì àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń pa kòkòrò nípa bíba ògiri ara rẹ̀ jẹ́, Mycoplasma kò sì ní ògiri rárá. Ẹni tó bá fi wọ́n wo CRD kò ṣe nǹkan kan. Kápúsù ènìyàn tí wọ́n ń tú sínú omi adìyẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Chloramphenicol wà lára àwọn tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti fòfin dè lára ẹran tí ènìyàn ń jẹ, nítorí ó lè ba ibi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ẹ má sì ṣe gbàgbé èyí, nítorí ó ti pa ọ̀pọ̀ ẹran: oògùn tí wọ́n ń pè ní tiamulin kò gbọ́dọ̀ pàdé salinomycin tàbí monensin, tí wọ́n máa ń pò mọ́ oúnjẹ òròmọdìyẹ nítorí àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Tí wọ́n bá pàdé, ẹsẹ̀ adìyẹ á rọ, á sì kú. Salinomycin nìkan gan-an jẹ́ májèlé fún tòlótòló. Ẹ ka ara àpò oúnjẹ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó pò ó, kí ẹ tó bu oúnjẹ adìyẹ fún tòlótòló.

Omi ewúro, ata wẹẹrẹ àti aáyù tí àwọn àgbà ń fún wọn, n kò bá a jà, bí a kò bá fi rọ́pò àyẹ̀wò. Ohun tí mo ń bá jà ni ààbọ̀ oògùn: ọjọ́ méjì dípò márùn-ún nítorí pé ikọ́ ti dínkù. Kòkòrò tó bá yè nínú ìyẹn ti kọ́ oògùn yẹn, ọmọ rẹ̀ náà á mọ̀ ọ́n. Ẹ ka iye ọjọ́ tó wà lára páálí kí ẹ tó ta ẹyin tàbí ẹran, kí oògùn adìyẹ má bàa di oúnjẹ ọmọ ẹlòmíràn. Bí ibà àti ikọ́ bá sì mú ẹ̀yin fúnra yín lẹ́yìn tí ẹ tọ́jú ẹran tó ń ṣàìsàn, pàápàá tòlótòló, ẹ sọ fún dókítà ilé ìwòsàn pé ọlọ́sìn ni yín. Kòkòrò kan wà tó ń ti ara tòlótòló bọ́ sí ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn, dókítà tí kò mọ̀ pé ẹ ń sin ẹran lè má ronú kàn án.

Adìyẹ tí coryza tàbí Mycoplasma bá ti mú, tó sì yè, ara rẹ̀ lè dá ṣáká lójú yín, ó sì ṣì ń gbé e. Ẹ má tà á fún aládùúgbò láti fi kún agbo tirẹ̀. Lẹ́yìn tí ọjọ́ oògùn bá ti pé, ẹ tà á fún ẹni tó máa pa á jẹ, ẹ ta gbogbo agbo náà tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ kó pàǹtí jáde, ẹ fọ ilé, ẹ fọ àwo, ẹ jẹ́ kí ilé náà ṣófo kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó kó òmíràn wọlé. Páálí kíréètì ẹyin tí oníbàárà gbé wá láti ilé mìíràn, ẹ má jẹ́ kí ó wọ ilé adìyẹ. Ẹni tó wá ra ẹyin, kí ó dúró síta.

Àsìkò Kérésìmesì ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun ènìyàn jù, nítorí ìgbà náà ni tòlótòló ń wọlé láti ọjà oríṣiríṣi, tí ọkọ̀ ń kó wọn láti Ìbàdàn wá, tí a sì ń da ìwọ̀nba tí a rà láàárín àwọn tí a ti ń sìn láti oṣù kẹfà. Èyí tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, pẹ̀lú korobá tirẹ̀ àti bàtà tirẹ̀, ẹ sì máa lọ gbọ́ mímí rẹ̀ lálẹ́. Bí ó bá sín, kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ títí dókítà á fi rí i.